Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n fi eré 100 mítà sílẹ̀ kí n lọ máa ti bobsleigh?

Ọgbọ̀nMítà

Ẹ kú dédé ìwòyí o ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín àmọ́ èyí nìgbà àkọ́kọ́ tí màá kọ nǹkan, torí náà tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ ẹ fojú fò ó.

Ọmọ ọdún 26 ni mí, 100 mítà ni mò ń sá láti kékeré, àkókò tó dáa jù tí mo ti sá ni 10.51, ọmọ ọdún 23 sì ni mí nígbà yẹn. Látìgbà yẹn, ọdún mẹ́ta gbáko, mi ò rí i sá mọ́, 10.60, 10.58, 10.63, ibẹ̀ ni mò ń yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé látìbẹ̀rẹ̀ dé 30 mítà kò sẹ́ni tó ń mú mi, àwọn tó ń sá 10.2 gan-an ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń wà, àmọ́ tó bá ti di 60 báyìí ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, wọ́n á sì máa kọjá lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan bíi mọ́tò tó ń kọjá lára ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú mi nínú ẹgbẹ́ wa ni mo fi ṣe orúkọ níbí, ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn báyìí lẹnì kan tó ń wá èèyàn fún tíìmù bobsleigh (eré tí wọ́n máa ń ti ọkọ̀ lórí yìnyín, kí wọ́n tó fò sínú ẹ̀ kó máa yọ̀ wálẹ̀) rí fídíò eré mi kan, ló bá kọ̀wé sí mi pé kí n wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Mo kọ́kọ́ rò pé oníjìbìtì ni, mo wádìí ẹ̀, òótọ́ ni. Ó ní irú èmi tó máa ń yára ní 30 mítà àkọ́kọ́ yẹn gan-an làwọn ń wá, ṣùgbọ́n màá fi bíi kílò mẹ́jọ kún ara mi. Kílò 79 ni mí báyìí o.

Mo sọ fún kóòṣì mi, inú bí i. Ó ní ẹni tó bá ti lọ ń ti ọkọ̀ lórí yìnyín ti gbà pé òun ò lè sáré mọ́ nìyẹn, pé sísá fún ìjà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: ẹni tó mọ eré sá, ṣé ó máa ń rọrùn fún un lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ń tàn wá ni? Tí mo bá tóbi tán, ṣé mo ṣì lè padà sí 100 mítà? Owó ńkọ́? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ibi gíga máa ń bà mí lẹ́rù, mi ò lè dúró létí bákónì.

Ajíṣẹ̀rín

Ẹni tí ò lè dúró létí bákónì ni wọ́n fẹ́ kó sínú agolo kí wọ́n wá tì í wálẹ̀ látorí òkè 😂😂 ará ibí yìí, ẹ ò ní pa mí.

Má bínú jàre. Lọ wo fídíò tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀ náà, wò ó parí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí inú ẹ ò bá rú, lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì.

ÀgbàBíréèkì

Àbúrò, o káre. Ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, èmi ni brakeman, ẹni tó ń fa bíréèkì, 200 mítà ni mo sì ń sá kí n tó lọ síbẹ̀, torí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, nǹkan tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu lórí tírákì yẹn, kò sí lórí yìnyín rárá. Ọ̀nà ọkọ̀ náà máa ń gùn tó 1,200 sí bíi 1,600 mítà, gbogbo ẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ, àmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti wúlò nínú ẹ̀ ò ju bíi 50 mítà lọ. Ẹ ó tì í fún bíi sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, ẹ ó fò wọlé, iṣẹ́ ẹsẹ̀ parí. 60 mítà tó o ní ẹsẹ̀ rẹ ti máa ń wúwo yẹn, o ti jókòó nígbà yẹn. Àwọn tó wà nídìí eré náà máa ń sọ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì tẹ́ ẹ bá sọnù lókè, ó ti di bíi mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dé ìsàlẹ̀, torí kò sí ẹ́ńjìnnì tó máa bá yín wá a padà. Ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Sochi lọ́dún 2014, ẹ̀ẹ̀mẹrin làwọn obìnrin sọ̀kalẹ̀, wọ́n wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì péré ni Kánádà fi gba góòlù mọ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá irú yín kiri.

Àmọ́ má lọ rò pé eré sísá náà ni o. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tì í, mo gbéra bí ẹni ń gbéra nínú bílọ́ọ̀kì táwa asáré ń fẹsẹ̀ tì tá a bá fẹ́ gbéra, ọkọ̀ yẹn ò mira, èjìká mi ló fẹ́ yẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí ò tíì séèyàn nínú ẹ̀ máa ń wọn tó bíi kílò 170. Apá rẹ tó máa ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ tó o bá ń sáré, ó ti dè mọ́ irin, ọwọ́ méjèèjì wà lára ọkọ̀. Ṣe lo máa kọ́kọ́ fi gbogbo ara lù ú bí ẹni fẹ́ já ilẹ̀kùn kó tó ṣí nílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn lẹsẹ̀ á wá máa lé e. Tó bá ti ṣí tán, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í da gẹ̀ẹ́rẹ́, ọkọ̀ á wá fẹ́ sá mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an làwa tá a ti sáré rí ti ń jẹun. Àwọn ọmọ jíìmù tó lágbára jù wá lọ, wọ́n á ṣí i nílẹ̀ kíá, àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti yára ju ẹsẹ̀ wọn lọ ṣe ni wọ́n á kàn so mọ́ ọn, wọ́n ti di ẹrù. Ẹni tó lè máa ti ọkọ̀ tó ti ń sáré, tó ṣì ń fi nǹkan kún un, tí ò wọlé ṣáájú àkókò, òun ni kóòṣì máa ń wá. Aago kì í sì bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti gbéra, ó di bíi 15 mítà níwájú kó tó bẹ̀rẹ̀, torí náà eré tẹ́ ẹ bá gbé dé ibẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Bàtà ẹ̀ náà kì í ṣe spike tí à ń wọ̀. Abẹ́rẹ́ wẹẹrẹ ni wọ́n tò sábẹ́ ẹ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì, kó lè di yìnyín mú. Ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń fò wọlé o, àpá ti ẹlẹgbẹ́ mi ṣì wà nítan mi títí dòní.

Ìwọ brakeman ló máa wọlé kẹ́yìn. Tó o bá ti wọlé, o máa tẹ orí mọ́lẹ̀ sáàárín orúnkún, o ò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Torí náà ẹ̀rù ibi gíga yẹn ò kàn ẹ́, àbúrò, ibo lo ti fẹ́ rí ibi gíga? Ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa wò. Ohun tó máa bà ẹ́ lẹ́rù ni ariwo ẹ̀, ṣe ló dà bí ìgbà tó o jókòó sínú garawa táwọn èèyàn ń sọ òkò lù ú. Ọkọ̀ yẹn lè sá 130 sí 150 kìlómítà ní wákàtí kan, tó bá dé àwọn kọ́nà kan ara rẹ á wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po márùn-ún, àgbọ̀n rẹ á fẹ́ wọ àyà lọ. Ṣe la máa ń ka kọ́nà lọ́kàn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, torí ìwọ lo máa fa bíréèkì, lẹ́yìn ìlà ìparí ni wàá sì fà á, kì í ṣe ṣáájú. Ìgbà kan mo ṣi kọ́nà kan kà, mi ò ní sọ ohun tí awakọ̀ wa fi bú mi.

Iṣẹ́ tẹ́nì kankan ò ní sọ fún ẹ wá ni ti alẹ́. Àwa tá à ń tì í náà là ń gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù, àwa là ń gbé e sọ̀, àwa là ń fi sáńdípépà fá irin tó ń yọ̀ lórí yìnyín, títí tí wàá fi rí ojú ara rẹ nínú ẹ̀. Ó lè gba wákàtí méjì mẹ́ta. Wọ́n sì máa ń wọn bó ṣe gbóná tó kẹ́ ẹ tó gbéra, torí irin gbígbóná máa ń yára ju ti tẹlòmíì lọ, ojóoro nìyẹn. Ìwọ asáré tó jẹ́ pé bàtà nìkan lò ń gbé kiri, wàá mọ̀ pé ìgbésí ayé ti yí padà.

Ìyá_Relay

Ẹ ṣeun bọ̀dá, ẹ ṣàlàyé dáadáa. Ọ̀rọ̀ ara títóbi ni mo fẹ́ bá ọmọ yìí sọ, torí iṣẹ́ mi ni, àwọn asáré ni mò ń kọ́ ní jíìmù.

Ọmọ mi, ìdí tí wọ́n fi ní kó o sanra nìyí. Wọ́n ti fi ìwọ̀n tó pọ̀ jù lélẹ̀ fún ọkọ̀ àtàwọn tó wà nínú ẹ̀ lápapọ̀, ti ọkùnrin méjì jẹ́ kílò 390, ti ẹlẹ́ni mẹ́rin jẹ́ 630. Gbogbo tíìmù ló fẹ́ wọn tó ìyẹn, torí ohun tó bá wúwo ló ń yára wálẹ̀. Tẹ́yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ bá fúyẹ́, wọ́n lè so irin mọ́ ọkọ̀ kó lè pé, àmọ́ irin yẹn ẹ̀yin náà lẹ máa tì í. Tí ìwúwo bá wà lára yín ńkọ́? Ó máa ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọnú ọkọ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sọ ẹ́ di pọ̀n-ǹ-pọ́n.

Ibi tí mo ti ń jà ni pé kílò mẹ́jọ nínú oṣù mẹ́ta, ọ̀rá ni, kì í ṣe iṣan, má gbà fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kó tó oṣù mẹ́jọ sí ọdún kan. Máa gbé irin wúwo fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn, máa fa sled (irin ẹrù tí wọ́n ń so mọ́ni nídìí) lórí koríko, má sì dá 30 mítà rẹ dúró, kó o máa wọn ara rẹ pẹ̀lú aago lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí kílò bá ń gòkè tí 30 mítà rẹ sì ń burú sí i, dúró níbẹ̀.

Ṣé o lè padà? Mo máa ń rẹ́rìn-ín táwọn kóòṣì bá ń sọ pé yìnyín ti ba asáré jẹ́. Joel Fearon ọmọ Bìrìtéènì ti lọ sí Sochi lọ́dún 2014 nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ó ti di gìrìpá tán, ọdún 2016 ló wá sá 100 mítà ní 9.96! Ọ̀gbẹ́ni tó ń ti ọkọ̀! Alexandra Burghardt ti Jámánì ńkọ́? Ó sá 100 mítà ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, ó bọ́ sórí yìnyín, oṣù kejì 2022 ó ti gba fàdákà bobsleigh ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù Beijing pẹ̀lú Mariama Jamanka, nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún yẹn kan náà ó ti padà sórí tírákì, ó wà nínú àwọn tó gba idẹ 4x100 (eré tẹ́ni mẹ́rin ń gbé ọ̀pá fún ara wọn sá) fún Jámánì ní ìdíje àgbáyé, ó tún gba idẹ 4x100 ní Paris 2024. Ìyẹn ò dà bí ẹni tó sá fún ìjà lójú tèmi o.

Àmọ́ màá sọ ẹ̀gbẹ́ kejì, mi ò fẹ́ tàn ẹ́. Craig Pickering tó sá 100 mítà fún Bìrìtéènì ní Beijing 2008, òun náà yà sí bobsleigh, ẹ̀yìn ló dùn ún tí ò fi lè lọ sí Sochi. Títẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ohun tó wúwo bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló ń san owó ẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá ti ń dùn ẹ́ tẹ́lẹ̀, sọ fún wọn kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

OwóŃkọ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ kílò, ẹnì kan ò dáhùn ọ̀rọ̀ owó tó bi yín. Ó da, màá dáhùn.

Owó ò sí níbẹ̀, àyàfi tó o bá wà nínú tíìmù orílẹ̀-èdè tó ń náwó lé e lórí. Ní Jámánì, púpọ̀ nínú àwọn eléré yìnyín wọn jẹ́ sójà tàbí ọlọ́pàá, owó oṣù ń wọlé wọ́rọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀. Níbòmíràn, ìwọ lo máa wá owó fúnra rẹ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ọgbọ̀n dọ́là, irin abẹ́ ẹ̀ lọ́tọ̀, kíkó o gba orí omi kọjá lọ́tọ̀. Ọ̀nà yìnyín tó wà káàkiri ayé ò tó ogún, torí náà gbogbo ìgbà òtútù lẹ máa wà lójú ọ̀nà, Lake Placid, St. Moritz, Altenberg, Winterberg, Sigulda, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹrù sílẹ̀ ẹ tún ti ń dì í.

Ẹ rántí Seun Adigun ṣáá. Hurdles 100 mítà, eré tí wọ́n ń fo igi, ló sá fún Nàìjíríà ní London 2012, ó wá lọ ń ṣe brakeman lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ló ní òun máa dá tíìmù Nàìjíríà sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ o. Ló bá kan ọkọ̀ onígi nínú gáréèjì, igi pákó lásán, wọ́n fi táyà kékeré sí i, ọkọ̀ onígi yẹn ni òun àti Ngozi Onwumere pẹ̀lú Akuoma Omeoga, táwọn náà jẹ́ asáré, fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í. Wọ́n tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 75,000 dọ́là ni wọ́n ń wá, wọ́n rí i. Lọ́dún 2018 wọ́n dé PyeongChang, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó ti fi bobsleigh dé Òlíńpíìkì rí ṣáájú wọn. Ogún ọkọ̀ ló kópa, àwọn ni ìkogún. Inú àwọn kan ń dùn, àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé ipò kẹ́yìn, èmi máa ń bi àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pé ìgbà wo làwọn gbẹ̀yìn kan igi tó gbé wọn dé Òlíńpíìkì.

Torí náà kí àbúrò bi ẹni tó kọ̀wé sí i yẹn ní tààràtà: ta ló ń sanwó ọkọ̀ òfúrufú mi, ta ló ń san ti dókítà, akoto àti bàtà ńkọ́? Tó bá ń fà á nílẹ̀, má lọ.

Ọgbọ̀nMítà

Hàáà, ẹ ṣeun gan-an, mi ò rò pé èèyàn máa dáhùn báyìí. Mà á mi @Ìyá_Relay ẹ ṣé, mo ti kọ ọ̀rọ̀ aago 30 mítà yẹn sílẹ̀. @OwóŃkọ́ mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn máa sanwó ọkọ̀ àti ibùgbé tí mo bá yege, bàtà àti aṣọ tèmi ni.

@ÀgbàBíréèkì ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ṣì wà. Mo kà níbì kan pé orí máa ń fọ́ àwọn tó ń gun ọkọ̀ yẹn, pé ó máa ń ṣe wọ́n bákan fún ọjọ́ púpọ̀, pé wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi, ìyá mi ló rí i tó fi ránṣẹ́ sí mi.

ÀgbàBíréèkì

Òótọ́ ni. Sled head ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó tẹ́lẹ̀ ni, ìyá rẹ mú mi.

Kì í ṣe pé ó dìgbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Gbígbọ̀n yẹn, bó ṣe ń gbọ̀n ẹ́ jìgìjìgì látòkè dé ìsàlẹ̀, ọpọlọ ń fò sókè sódò nínú agbárí. Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan, wàá rí i pé orí ń fọ́ ẹ, iná ń dà ẹ́ láàmú, o ò rántí ibi tó o gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Nígbà tiwa, a máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Awakọ̀ wa á ní orí ẹ ti lọ, a ó rẹ́rìn-ín, a ó tún gun òkè lọ. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Èmi ní ọdún kan tí mi ò lè ka ìwé ju ojú ìwé kan lọ kí n tó fi í sílẹ̀, ó ti lọ báyìí, àmọ́ mi ò gbàgbé.

Ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni ìwọ: ọjọ́ tí orí bá fọ́ ẹ, sọ ọ́ jáde, má gùn ún lọ́jọ́ kejì, ì báà jẹ́ pé ìdíje kù ọ̀la. Brakeman lèèyàn lè pààrọ̀, wọ́n máa ń ní méjì mẹ́ta lẹ́yìn. Kọ́ ọrùn rẹ ní jíìmù bó o ṣe ń kọ́ itan rẹ. Má sì máa bá wọn sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́ torí pé awakọ̀ fẹ́ kọ́ ọ̀nà, wọ́n lè fi irin sínú ọkọ̀ dípò ẹ. Tíìmù tó bá bínú sí ẹ torí ìyẹn, kúrò níbẹ̀.

Tọ́kọ̀ bá dojú dé pẹ̀lú yín ńkọ́, ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dúró sínú ẹ̀, fà mọ́ra, má na apá jáde. Yìnyín máa ń jóni bí iná tó bá fi ara ha ẹ́. Mo sọ ọ́ tán, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́, fi han ìyá rẹ.

Ajíṣẹ̀rín

Mo wá rẹ́rìn-ín níbí ni o, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Ẹ̀yìnOlùwòran

Èmi ò ti nǹkan kan rí láyé mi, olùwòran ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kóòṣì rẹ yẹn ń bí mi nínú láti àná. Sísá fún ìjà kẹ̀?

Vonetta Flowers, asáré ni, ó ń fò jìnnà náà, ó wá ibi tó máa fi wọ tíìmù Òlíńpíìkì Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 kò rí i, ibi ìdíje ìyọnilẹ́gbẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti rí ìwé ìkéde pé àwọn bobsleigh ń wá èèyàn. Ó lọ. 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ káwọn obìnrin ṣe bobsleigh ní Òlíńpíìkì, òun àti Jill Bakken ló gba góòlù, kò sì sí aláwọ̀ dúdú kan tó ti gba góòlù ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù rí kó tó kàn án. Kó ní kóòṣì bíi tìẹ tó gbọ́ràn sí lẹ́nu, ibo ni ì bá wà?

Lauryn Williams ńkọ́? Ìyẹn ò tiẹ̀ kùnà lórí tírákì, fàdákà 100 mítà Athens 2004, góòlù 4x100 ní London 2012, ó kàn gba orí yìnyín lọ ni, kò tíì pé ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀ tó fi gba fàdákà ní Sochi, òun àti Elana Meyers ni ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì tí bọ̀dá sọ lókè yẹn ṣẹlẹ̀ sí. Lolo Jones náà, gbogbo ayé rí i nínú hurdles ní Beijing 2008 bó ṣe ń ṣáájú bọ̀ tó wá kọ igi kẹsàn-án nígbà tó ku igi kan péré. Òun ló wá gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì lọ́dún 2021 pẹ̀lú Kaillie Humphries, ọmọ ọdún 38 ni nígbà yẹn. 38! Ìwọ ọmọ ọdún 26 ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti dàgbà jù.

Ìyá_Relay

Ẹ rọra o @Ẹ̀yìnOlùwòran, ẹ má bú kóòṣì náà jù. Èmi náà ti wà nírú ipò ẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ wá gbọ́ pé àwọn kan tí ò mọ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ ọ fẹ́ mú un lọ torí fídíò kan, ó máa ń dùn èèyàn, ẹnu á sì sọ ohun tí ọkàn ò rò. Ọmọ mi, mú un dání lọ sí tẹ́ẹ̀sì yẹn tó bá lè lọ. Òun ló kọ́ ẹ ní 30 mítà tí wọ́n ń wá yẹn, àbí òun kọ́?

Ọgbọ̀nMítà

Ẹ̀yin ará ibí, mo ti dé. Ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn, ẹ má bínú.

Mo lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì náà. Wọ́n ní ká sá 45 mítà, wọ́n ń wọn 15 àti 30 lọ́tọ̀, àwa mọ́kànlélógún la wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni àwọn kan ń gbá, àwọn kan ń ju irin (shot put), èmi ni mo gba ipò kìíní ní 30 mítà. Ní 45, ìkejì. (Ẹ má rẹ́rìn-ín.) A tún fò láti orí ìdúró, a ju irin roboto láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín, ọmọ kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn jù ú débi tí mi ò lè sọ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú wa lọ sídìí ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin bíi ti rélùwéè, táyà ló wà lábẹ́ ẹ̀, kò sí yìnyín. Ẹ̀gbọ́n mi ÀgbàBíréèkì, ẹ ti kìlọ̀ fún mi o, mo sì ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá, síbẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀ bílọ́ọ̀kì ni mo rántí. Mo gbéra, ọkọ̀ ò mira, mo fi ẹnu gbá ara ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì mo fi gbogbo ara lù ú bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, ó ṣí! Ó yà mí lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó wá ń yára, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé kí n wọlé, kí n wọlé, mi ò fẹ́ wọlé, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́ta tí mò ń sáré tí ẹsẹ̀ mi ò wúwo. Nígbà tí màá fi ní kí n fò ó ti pẹ́, mo já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ìgbọ̀nwọ́ mi bó.

Wọ́n ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kí n ti di kílò 82. Mo béèrè ọ̀rọ̀ orí fífọ́ níwájú gbogbo wọn, dókítà wọn dáhùn, kò bínú.

Kóòṣì mi tẹ̀ lé mi lọ o. Kò sọ̀rọ̀ fún gbogbo ọjọ́ méjèèjì, ó kàn ń fi fóònù ya fídíò. Ìgbà tá à ń bọ̀ nílé ló gbé e fún mi pé kí n wò ó, ó ní mo ṣì ń yára gbé orí sókè jù.

Mo ti gbé fídíò náà síbí, ẹ bá mi wò ó.

ÀgbàBíréèkì

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Òótọ́ ló sọ, orí rẹ ti wà lókè ní ìṣísẹ̀ kẹta. Àti pé tí wọ́n bá ní wọlé, wọlé.